Obìnrin Tí Fíìmù Dá Padà Sílé Ọkọ

Ìyá ìyá mi, Màmá Rúùtù, kì í pariwo bí wọ́n bá kórìíra nǹkan. Wọ́n á kàn pòṣé ni. Òṣé wọn sì ní ìwọ̀n: èyí tó kúrú wà fún àwọn olóṣèlú, èyí tó gùn díẹ̀ wà fún aládùúgbò tó bá ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, èyí tó gùn jù lọ ni wọ́n fi pamọ́ fún fíìmù. Bí ẹ bá ń kọjá lójúde ilé wọn ní Ọ̀rẹ̀, tí ẹ gbọ́ ohùn kan tó dà bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń jò lára táyà tírélà, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Obìnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú tẹlifíṣọ̀n nìyẹn.

Wọ́n fẹ́ràn fíìmù o. Ẹni tó bá ní wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ ń purọ́ mọ́ òkú. Fíìmù tí obìnrin bá ti jẹ́ olórí eré, obìnrin tó ń dá gbé, tó ní ilé tirẹ̀ àti mọ́tò tirẹ̀, wọn kì í jẹ́ kó kọjá wọn. Wọ́n á jókòó sórí àga wọn, wọ́n á kó ẹsẹ̀ méjèèjì lé àpótí, wọ́n á máa wá ẹni tó jọ wọ́n nínú rẹ̀. Wọn ò rí i títí wọ́n fi kú. Ohun tó ń bí wọn nínú nìyẹn, òun náà ló ń bí èmi náà nínú títí di òní.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ irú obìnrin tí wọ́n máa ń gbé jáde fún wa. Wọ́n á ní olówó ni, ó ní iléeṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tí iléeṣẹ́ ọ̀hún ń ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, kó bú géètì-máànù, kó bú akọ̀wé rẹ̀, kó wá jókòó sídìí tábìlì onígíláàsì tí kò sí bébà kankan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó kọ eré náà kò lè fara da kí obìnrin jẹun nílé ara rẹ̀ kó sì sùn dáadáa. Bí kò bá yàgàn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gba àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ ò bá gba àfẹ́sọ́nà, á máa dá mu ọtí níwájú dígí. Bó bá kù díẹ̀ kí fíìmù parí, á lọ wó lulẹ̀ níwájú ọkùnrin kan tí kò wúlò fún nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá á na ìka sí i: "Èyí tó ń jágbe mọ́ ènìyàn láti àárọ̀, iṣẹ́ wo ló ṣe? Èékánná gbọọrọ báyìí, ta ló ń bá a fọ ìdí?"

Bùrọ̀dá Táyọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ra àwo sátẹ́láìtì fún wọn nígbà tó yá, kí ara wọn lè balẹ̀. Àwọn obìnrin dúdú pọ̀ nínú fíìmù Amẹ́ríkà láyé ìsinsìnyí: lọ́yà ni, dókítà ni, ọ̀gá ọlọ́pàá ni. Màmá kò gbọ́ irú Òyìnbó yẹn, èmi ni mo máa ń túmọ̀ fún wọn bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù oògùn mi. Wọ́n wo lọ́yà kan báyìí fún ìgbà pípẹ́. Obìnrin náà dúdú dáadáa, ó ń rìn bí onílẹ̀, àwọn ọkùnrin funfun ń yà lọ́nà fún un. Mo rí i tí ẹnu Màmá fẹ́ ya sí ẹ̀rín, inú mi dùn, mo ní ṣé wọ́n ti wá rí ẹni wọn báyìí. Wọ́n ní: "Obìnrin yìí kò tíì jẹun láti ọjọ́ tí mo ti ń wò ó. Ọtí pupa nìkan. Kò ní ìyá, kò ní ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹni tó lè pè é pé ìwọ yìí, wá ńbí. Ṣé ghan, àwọn tó ń ṣe fíìmù yìí, rò pé ẹni tó bá ti dá dúró kò ní ara ilé mọ́ ni?" Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí obìnrin tó ń mu wáìnì nínú fíìmù, oúnjẹ rẹ̀ ni mò ń wá.

Ọkọ tí Màmá fẹ́ ní Odìgbó kò nà wọ́n rí. Mo fẹ́ kí èyí yé yín, torí bí ẹ bá sọ fún ẹni tó ń ṣe fíìmù pé obìnrin kan kó jáde nílé ọkọ, ohun àkọ́kọ́ tó máa béèrè ni pé kí ni ọkọ fi là á lórí. Kò fi nǹkan kan là á lórí. Bàbá àgbà mi jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́ tó fẹ́ràn àga. Màmá ló ń roko, Màmá ló ń fọ́ kòkó, Màmá ló ń sá a. Bó bá gbẹ tán, Bàbá á dìde, wọ́n á wọ dàńṣíkí tó mọ́, wọ́n á gbé e lọ bá oníkòkó, orúkọ Bàbá ni kòkó ọ̀hún á sì máa jẹ́ káàkiri ìlú. Nígbà tó sú Màmá, wọ́n pọn ìyá mi, wọ́n fa Bùrọ̀dá Táyọ̀ lọ́wọ́, wọ́n gba Ajué lọ bá àwọn ará ilé ìyá wọn, wọ́n tọrọ igbó. Igbó ni o, kì í ṣe oko. Wọ́n ṣán an, wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè ṣíji bo ilẹ̀, wọ́n gbin kòkó sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n wá ń fi gbágùúdá ṣe púpurú, ìṣù gbágùúdá roboto tí a ń fi èéfín mú gbẹ, wọ́n ń tà á títí kòkó fi so, tí wọ́n fi gba ilé sí Ọ̀rẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Wọ́n ń ha ojú dúdú kúrò lára púpurú lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní: "Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó kàn jókòó ni. Ó rẹ̀ mí láti máa ru ẹni tó jókòó."

Ẹ wá fi ìyẹn ṣe fíìmù. Ẹ ò lè fi ṣe é, torí kò sí igbe níbẹ̀.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà kò fi wọ́n sílẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá dìde lọ́jọ́ kan láàárín ìpàdé, ó ní kí Màmá lọ tọrọ àforíjì kí ọkọ wọn tó kú, torí ọkọ ni orí aya. Ìyá yẹn fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ ọkọ tirẹ̀, gbogbo wa la mọ̀. Màmá rọra tú gèlè wọn, wọ́n fọwọ́ kan àtàrí. Wọ́n ní: "Ẹ bá mi wò ó. Èyí tí mo gbé wá láti ilé ìyá mi ṣì wà níbẹ̀." Wọ́n tún gèlè wé, wọ́n sì dúró gbàdúrà ìparí pẹ̀lú wọn. Bàbá àgbà kú lẹ́yìn ìyẹn láìsí àforíjì kankan. Màmá lọ síbi ìsìnkú, wọ́n jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn àlejò, wọ́n jẹun, wọ́n padà sídìí oko wọn ní Ajué.

Ẹni tó gbé ìdààmú wá ni ọmọkùnrin kan tí gbogbo Ọ̀rẹ̀ ń pè ní Dàrẹ́kítọ̀. Fíìmù rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé kiri ní gáréèjì fún àwọn èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin, irú èyí tí ènìyàn ń rà torí pé ọkọ̀ kò tíì kún. Ẹnìkan ló sọ ìtàn Màmá fún un. Ó wọ ilé wa pẹ̀lú jígí dúdú lójú, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kò fẹ́ kí ṣòkòtò rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní: "Màmá, irú yín ni ayé ń wá báyìí. Obìnrin dúdú tó dá dúró! Òun ló ń tà." Màmá jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Wọ́n wá bi í pé báwo ló ṣe máa parí. Ó ní inú oko kòkó ló máa parí sí, tí obìnrin náà á máa wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Màmá ní: "Ó dáa. Má sáà dá mi padà sí Odìgbó. Mi ò bẹ̀ ọ́ ju ìyẹn lọ." Ó fọwọ́ lé Bíbélì wọn, ó búra. Ọwọ́ ọ̀hún kò rọ, ó ṣì ń fi gbé kámẹ́rà títí di òní.

Òṣèré tí wọ́n mú wá láti Èkó kò burú, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ọ̀kadà ló gbé e wọ Ajué nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó máa dé, ìpéǹpéjú onírọ́bà ti já kúrò lójú kan. Dàrẹ́kítọ̀ ní kó máa jágbe mọ́ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ oko. Bàbá Jímọ̀, ará ìhà Ọ̀ṣun tó ti ń bá Màmá dáko tipẹ́tipẹ́, ni wọ́n ní kó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kó máa gbọ̀n. Bàbá Jímọ̀ gbọ̀n débi pé Dàrẹ́kítọ̀ ní kí wọ́n rọra. Bàbá Jímọ̀ ní àwọn rò pé ibà ni ó fẹ́ kí àwọn ṣe. Màmá pe òṣèré náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bi í pé kí ló dé tó ń pariwo. Ó ní, "Mọ́mì, obìnrin alágbára ni mo jẹ́ nínú eré yìí." Màmá ní: "Ẹni tó lágbára kì í pariwo, ọma mi. Ẹni tí kò rí ẹni gbọ́ tirẹ̀ ló ń pariwo."

Wọ́n fi fíìmù náà han ìlú nínú gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀rẹ̀. Dàrẹ́kítọ̀ lo orúkọ wa gan-an, ó ní kó lè jọ òótọ́. Obìnrin inú rẹ̀ ń jẹ́ Rúùtù, àbúrò ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bàbá Bọ̀dé, bó ṣe rí nínú ẹbí wa náà nìyẹn. Nínú fíìmù, Bàbá Bọ̀dé fi májèlé sínú ẹmu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ogún, nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gbogbo fíìmù Dàrẹ́kítọ̀. Ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀ àìsàn. Bàbá Bọ̀dé jẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣubú, ó kú. Ìgbà yẹn ni Bàbá Bọ̀dé gidi àti ọmọ wọn Bọ̀dé tó wọlé, pẹ̀lú àwọn ará Odìgbó, torí òórùn ìrẹsì ti ń jáde. Àwọn ará ibẹ̀ kì í tètè dé ibi iṣẹ́, wọn kì í sì í pẹ́ dé ibi àsè.

Ìparí ni wọ́n bá. Rúùtù inú fíìmù wọ aṣọ funfun, ó fi oko sílẹ̀, ó lọ sí Odìgbó, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú omijé. Ọkọ dìde lórí àìsàn, ó gbé e sókè. Orin ìyìn gba ilé kan. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń nu ojú. Mo wo Màmá. Wọn ò pòṣé, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n dìde, wọ́n lọ bá Dàrẹ́kítọ̀ níbi tó ti ń bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra: "Màmá, ẹ má bínú. Bí kò bá sí ìlàjà lópin, àwọn ènìyàn ò ní rà á." Màmá ní: "Ta ló fi mí lé ọ lọ́wọ́ pé kí o máa tà?"

Èmi rò pé ìtìjú nìkan ló máa jẹ́. Kò mọ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ohun tí obìnrin bá gbìn nígbà tó wà lábẹ́ ọkọ, ti ẹbí ọkọ ni wọ́n ń kà á sí. Èyí tó bá gbìn lẹ́yìn tó ti kúrò, tirẹ̀ ni, àfi bó bá padà sílé ọkọ, á di ti ẹbí ọkọ nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí kòkó ti pọ́n láti ìdí dé òkè, Bàbá Jímọ̀ bá mọ̀rìwò tí wọ́n ta dí ojú ọ̀nà oko. Ẹni tó bá rí mọ̀rìwò lójú ọ̀nà oko mọ̀ pé ẹjọ́ ti wà nílẹ̀, kò gbọdọ̀ ká nǹkan kan títí àwọn àgbà á fi dá a. Kòkó kò sì mọ ẹjọ́. Bí òjò ṣe ń rọ̀ ló ń dúdú lórí igi. Bọ̀dé ló ta mọ̀rìwò. Ó ti lọ bá baálẹ̀ Ajué pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá òun padà sílé ọkọ rẹ̀, gbogbo ayé ló fojú rí i, oko ti di ti ẹbí, bàbá òun tó jẹ́ àgbà ẹbí ni kó máa pàṣẹ níbẹ̀.

Màmá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn àgbà kò rẹ́rìn-ín, wọ́n dákẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ara wọn ṣe láyé wà nínú oko yẹn, wọn ò ní òmíràn.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Bọ̀dé yọ fóònù, ó gbé e yí àwọn àgbà ká. Ìparí fíìmù nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ohun kan wà ṣáájú. Àgbà kan tó ti mọ Màmá láti ọmọdé, tó ti jẹ púpurú wọn yó, mi orí, ó ní: "Rúùtù, ojú wa rèé. O kúnlẹ̀." Mo fẹ́ ya wèrè. Màmá fọwọ́ dá mi dúró, wọ́n yíjú sí Bọ̀dé.

"Ṣé fíìmù yìí ni ẹlẹ́rìí yín?"

"Òun ni, Màmá."

"Ṣé kì í purọ́?"

"Kì í purọ́. Ṣebí orúkọ yín gan-an ni wọ́n pè."

Màmá ní kí n lọ gbé ẹlẹ́rìí wọlé. Mo ti gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré àti jẹnẹrétọ̀ Bùrọ̀dá Táyọ̀ wá, mo fi fíìmù sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wò ó lábẹ́ igi níwájú ilé baálẹ̀. Wọ́n rí i bí Bàbá Bọ̀dé ṣe da májèlé sínú ẹmu. Wọ́n gbọ́ ọ bó ṣe ń jẹ́wọ́ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀. Wọ́n rí i bó ṣe ṣubú tó kú. Bàbá Bọ̀dé gidi jókòó láàárín wọn nínú agbádá, òógùn bò wọ́n. Màmá rọra kúnlẹ̀ kí wọn bí ìyàwó ṣe ń kí àbúrò ọkọ, wọ́n ní: "Ẹ kú ìrìn àjò ọ̀run o. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni mo padà, òótọ́ ni ẹ fún ẹ̀gbọ́n yín ní májèlé jẹ. Ẹ sì ti kú. Òkú kì í gba oko."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Wọ́n ní Bọ̀dé fúnra rẹ̀ ni yóò lọ tú mọ̀rìwò tó ta. Ìdajì kòkó ọdún yẹn ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tó bẹ Màmá fún ìyẹn. Nígbà tí à ń padà lọ, mo ní wọ́n ṣe gudugudu méje. Wọ́n ní kí n yé sọ̀rọ̀ bí Dàrẹ́kítọ̀.

Màmá kú lọ́dún yìí, nígbà òjò. Wọn ò tíì tutù tán tí àwọn ará Odìgbó fi dé pẹ̀lú pásítọ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ ni a ń sin aya sí. Pásítọ̀ ní gbogbo ìlú ló mọ̀ pé tọkọtaya yẹn ti parí ìjà kí wọ́n tó lọ. Mo wò ó lójú bóyá ó ń purọ́. Kò purọ́. Ó gbà á gbọ́. Ibi tí fíìmù bá wa dé nìyẹn: ẹni tó ka Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò rántí mọ́ pé òun ló sin bàbá àgbà mi, tí Màmá sì jókòó sí àárín àlejò. Mo sì mọ ohun tí Bọ̀dé ń wá. Ibi tí òkú obìnrin bá wà, ẹnu àwọn oníbẹ̀ ni yóò máa sọ ti ẹni tó jẹ́. Bí a bá sin Màmá sí Odìgbó gẹ́gẹ́ bí aya, kí ọdún tó yípo, mọ̀rìwò á tún ti wà lójú ọ̀nà oko.

Bùrọ̀dá Táyọ̀ ló ń ṣiyèméjì. Wọ́n ní ọ̀nà Ajué kò ṣeé gbà lásìkò òjò, pé ọ̀nà Odìgbó ní ọ̀dà, pé kí ni a fẹ́ sọ fún àwọn àlejò. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n.

"Bùrọ̀dá, ta ló bá wọn parí ìjà? Ẹ wà níbẹ̀. Ọwọ́ yín ni wọ́n fà nígbà tí wọ́n ń jáde."

Ìyá mi ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò dá sí i. Bùrọ̀dá Táyọ̀ ń wo ọwọ́ wọn bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ọwọ́ yìí dùn mí lọ́jọ́ náà," ni wọ́n sọ níkẹyìn. "Wọ́n dì í mú gírígírí. Mo fẹ́ wẹ̀yìn, wọn ò jẹ́ kí n wẹ̀yìn." Wọ́n yíjú sí pásítọ̀. "Ajué ni à ń lọ, sà."

Ọkọ̀ òkú rì sínú ẹrẹ̀ kí a tó dé. Pásítọ̀ wo bàtà funfun rẹ̀, ó gbàdúrà láti ojú fèrèsé mọ́tò. Bọ̀dé àti àwọn ènìyàn rẹ̀ yí padà síbi tí oúnjẹ wà. Bàbá Jímọ̀ àti àwọn àgbẹ̀ bíi tiwọn ló jáde láti inú oko pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, wọ́n gbé pósí Màmá lé èjìká, wọ́n gbé e wọ àárín kòkó. Mo sunkún gan-an, mo sì ń dunnú lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì tọrọ àforíjì fún un.

Òjò kò tíì dá nígbà tí Bọ̀dé tún wá. Mo wà níbẹ̀, mo lọ wo ojú oórì. Ó rìn dé ibi tí Bàbá Jímọ̀ ti ń ṣán koríko, ó kí wọn dáadáa, ó ní ní báyìí tí ìyá ti lọ, ta ni kí òun máa bá sọ̀rọ̀ lórí oko yìí.

Bàbá Jímọ̀ kò dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n fi àdá tọ́ka sí ibi tí a tẹ́ Màmá sí, níbi tí ilẹ̀ ṣì pupa.

"Ẹ lọ bá wọn," ni wọ́n wí. "Wọ́n wà nílé."